Kì í ṣe ọwọ́ mi ló ba mílíìkì sóyà jẹ́

Ìyá mi, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ojú lọ́nà mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Òkè-Afá níbí. Mo kí Bàbá, mo kí Ìyá Àgbà, mo kí àwọn àbúrò mi àti ìyàwó tuntun tí mi ò tíì fojú rí. Ṣé ara le? Ṣé òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ yín? Ooru ibí ò jẹ́ kéèyàn mí. Òjò á ṣú títí, á tún gbéra lọ síbòmíràn.

Gbangba ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, kí gbogbo ojúde wa lè gbọ́, torí gbangba náà ni wọ́n ti bà mí lórúkọ jẹ́. Àbúrò mi sọ fún mi lórí fóònù pé nígbà tí Bọ̀dá Múfú, ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá, wálé ọdún Iléyá, ó jókòó sáàárín èrò, ó ní wọ́n ti ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń ba ọjà ọ̀gá mi jẹ́. Àbúrò mi ní ẹ kàn dìde, ẹ wọlé. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ gbà á gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ mílíìkì sóyà ni mò ń ṣe. Ìyá Fáwàsì, ará Abẹ́òkúta, ni ọ̀gá mi. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni ibi iṣẹ́ wà. Àwa méjì là ń bá a ṣe é, èmi àti Àǹtí Kúdí, tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi. A ó rẹ ẹ̀wà sóyà sómi di àárọ̀, a ó bó o, a ó fi ẹ̀rọ oníná lọ̀ ọ́, a ó fi aṣọ sẹ́ ẹ, a ó sè é, a ó wá rọ ọ́ sínú ike. Àwọn ará Ire-Akárí ló ń rà á jù, àwọn mìíràn sì ń gbé e lọ tà ní Bọ́ládé. Bó bá dára, bákan náà ló máa ń rí látòkè délẹ̀. Ohun tí oníbàárà ò fẹ́ rí ni kí omi dá wà lókè, kí ìyókù lọ sísàlẹ̀ bí ògì.

Kò pẹ́ tí mo débẹ̀ ni mílíìkì bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Kì í ṣe lójoojúmọ́. Bí a bá gbé e kaná, á kàn já sí wẹ́wẹ́ lójú wa, bí ìgbà tí èèyàn fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú wàrà. Ìyá Fáwàsì ní ọsàn wẹ́wẹ́ náà ni, pé ẹnì kan ló ń fún un sí i. Kò dárúkọ, àmọ́ èmi ni àlejò. Èmi náà ni n kì í mu mílíìkì ọ̀hún, torí inú máa ń run mí tí mo bá mu ún. Ó bi mí pé kí ló dé tí n kì í mu ohun tí mo fọwọ́ ara mi sè. Láti ọjọ́ náà ló ti ń yẹ báàgì mi wò kí n tó wọlé.

Èmi náà wá ń ṣọ́ Àǹtí Kúdí. Mo máa ń bá a lórí fóònù tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bó bá ti rí mi, á dákẹ́. Mo rò ó pé àwọn tó ń ṣe irú ọjà wa lè ti fún un lówó kó lè ba tiwa jẹ́. Mi ò gbé oúnjẹ mi kalẹ̀ mọ́ níbi iṣẹ́. Bí mo bá fẹ́ dé ìta lásán, mo máa ń mú omi mímu mi dání. Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, àwọn ará ilé á máa bá ara wọn rẹ́rìn-ín, mi ò sì mọ ẹni tí mo lè fọ̀rọ̀ lọ̀.

Nígbà tó yá, Ìyá Fáwàsì ní kí n lọ sinmi nílé ná, òun á pè mí. Mo mọ̀ pé lílé ló lé mi. Ìyẹn ni n ò fi rí nǹkan fi ránṣẹ́ lóṣù náà, kì í ṣe pé mo gbàgbé yín.

Àmọ́ mílíìkì tún dì nígbà tí mi ò sí níbẹ̀. Ìyá Fáwàsì pè mí padà, kò sọ ìdí. Ó gbé ìrẹsì kalẹ̀ fún mi, mi ò jẹ ẹ́, torí mi ò fọkàn tán an mọ́. Ó gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó lé e, ó ń ṣọ́ ọwọ́ àwa méjèèjì.

Ọjọ́ kan, wọ́n mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ sì ti bàjẹ́ tipẹ́. Ẹ̀wà wà nínú omi láti àná, oòrùn mú, a jókòó títí iná fi dé lẹ́yìn ìrun Àílà. Torí pé Ìyá Fáwàsì ò fẹ́ kí ọwọ́ wa kàn án, òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ láti ṣan ẹ̀wà. Ó dúró. Ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀, ó tọ́ ọ wò. Ó ní kí Àǹtí Kúdí tọ́ ọ wò, ó ní kí èmi náà tọ́ ọ wò. Omi náà kan bí omi ògì. Ó sè é bẹ́ẹ̀, ó dì lójú gbogbo wa. A wá ń rántí pé gbogbo ọjọ́ tó ti ń dì, ọjọ́ tí kò síná ni. Ẹ̀wà tó pẹ́ jù nínú omi lásìkò ooru ló ń kan, kíkan rẹ̀ ló sì ń ṣe bí ọsàn wẹ́wẹ́ nínú ìkòkò. Látìgbà yẹn, bí iná bá ti lọ, a ó da omi nù, a ó kó ẹ̀wà sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín.

Ìyá mi, kò bẹ̀ mí o. Ó kàn ní ká máa bá iṣẹ́ lọ.

Mo rò pé ó ti parí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Àǹtí Kúdí nìkan ló lọ ẹ̀wà, torí mo gbé ọjà lọ fún oníbàárà. Nígbà tí mo fi dé, ìkòkò wà lórí iná, ó ti dì. Iná ò sì lọ rárá lọ́jọ́ náà. Ìyá Fáwàsì ń wo Àǹtí Kúdí bó ṣe ń wò mí tẹ́lẹ̀. Ohun tó dẹ́rù bà mí ni pé èmi náà ń wò ó bẹ́ẹ̀. Ìyá Fáwàsì ní kí n tọ́ omi ẹ̀wà tó kù nínú ọpọ́n wò, kí n sọ bóyá ó kan. Mo tọ́ ọ wò. Kò kan.

Ì bá rọrùn kí n ní ó kan, kí ọ̀rọ̀ lè kúrò lọ́rùn Àǹtí Kúdí, ṣùgbọ́n mi ò lè parọ́. Mo ní kò kan, mi ò sì mọ ohun tó fà á, àmọ́ kò sí ẹnì kankan nínú wa tó rí i pé Àǹtí Kúdí fi nǹkan sí i. Mo ní bí wọ́n bá ní kó lọ sinmi nílé, àwa méjèèjì la jọ ń lọ. Ìyá Fáwàsì bu omi nínú àgbá láti fọwọ́, omi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láàárọ̀ tí Àǹtí Kúdí fi lọ ẹ̀wà, ọṣẹ kọ̀, kò hó. Ó fi omi náà kan ẹnu, ó tu ú dànù. Ó pe ọkùnrin tó ń gbé omi wá fún wa. Ìyẹn ní kànga ibi tí òun ti ń pọn tẹ́lẹ̀ ti bàjẹ́, òun ti yà síbòmíràn, òun ò mọ̀ pé ó yẹ kóun sọ. Omi náà níyọ̀ lẹ́nu. A fi píọ̀ wọ́tà lọ ẹ̀wà tó kù, ó sì dára látòkè délẹ̀, la bá mọ̀ pé iyọ̀ inú omi náà ló mú mílíìkì dì.

Nígbà tí a ń lọ sílé, Àǹtí Kúdí sọ fún mi pé òun lòun sọ fún Bọ̀dá Múfú ní Bọ́ládé, níbi tí Bọ̀dá ti ń ta bẹ́líìtì, pé ọwọ́ mi ò mọ́. Ó ní ohun tí òun rò nígbà náà nìyẹn. Mo ní mo ti fura. Mo ní kó pè é, kó sọ ọ́ fún un bó ṣe rí gan-an. Ó pè é lójú mi. Mo gbọ́ tí Bọ̀dá Múfú ní ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́, ká fi sílẹ̀.

Èmi ò fi sílẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún un kó sọ èyí náà lójú àwọn tó gbọ́ tàkọ́kọ́. Bí kò bá wá, ẹ jẹ́ kí àbúrò mi ka lẹ́tà yìí sókè. Mo ṣì ń bá Àǹtí Kúdí ṣiṣẹ́. A ti ń jẹun nínú abọ́ kan náà báyìí, àmọ́ mo máa ń jẹ́ kó kọ́kọ́ bu òkèlè tirẹ̀ ná.

Ọlọ́hun á dá yín sí fún wa. Ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ, ẹsẹ̀ mi á sì fi ayọ̀ tẹ ilé. Ẹ bá mi kí tẹbí tará, ẹ kí gbogbo àdúgbò.

Èmi ni, Síkírátù, ọmọ yín.