Orúkọ Yín Tí Mo Yọ Kúrò

Bàbá mi,

Mo kí yín o, bí ìkíni bá ń dé ibi tí ẹ wà. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mò ń ṣe n'Ìbàdàn, tí kò yé yín títí ẹ fi lọ, òun ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Àwọn ètò kéékèèké ni mò ń kọ. Èèyàn á tẹ orúkọ ètò sójú kọ̀ǹpútà, ètò náà á sì jíṣẹ́. Àwọn kan wà lókè òkun tí wọ́n ń gba irú ètò bẹ́ẹ̀ jọ, tí wọ́n ń pín in fún aráyé lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dì í bí ẹrù, pẹ̀lú gbogbo èlò rẹ̀, kó lè ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ẹrù yìí ni mò ń dì nígbà tí Àǹtí Rísí ránṣẹ́ láti Ìdèrè pé ara yín ò yá, kí n tètè máa bọ̀. Mo ní kí n ṣe díẹ̀ sí i. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti sin yín. Ṣé ẹ ń wo ojú ọ̀nà mi kí ẹ tó lọ? Mi ò lè bi Àǹtí Rísí.

Ẹ mọ̀ pé ọmọ kì í pe bàbá rẹ̀ lórúkọ. Bàbá Rísí ni gbogbo ilé ń pè yín, èmi náà ò sì pe Làmídì rí láyé mi. Àmọ́ nígbà tí mo padà sí Ìbàdàn, mo fi orúkọ yín sọ fódà, ìyẹn àpò inú kọ̀ǹpútà tí àwọn ètò náà ti ń mú èlò wọn, mo sì kọ orúkọ náà sínú ètò kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ mi ló tẹ̀ ẹ́, ẹnu mi ò pè é. Ó tù mí nínú. Mo wá fi ẹrù náà ránṣẹ́.

Kò ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Orí kọ̀ǹpútà tèmi nìkan ni fódà yẹn wà. Gbogbo àwọn tó kọ̀wé sí mi, ohun kan náà ni wọ́n rí lójú kọ̀ǹpútà wọn: a ò rí Làmídì. Mo gbórí lé tábìlì, mo sunkún.

Ẹ̀yin ò ní ṣe irú àṣìṣe yẹn. Ẹ máa ń fi iyọ̀ àti ìṣáná sínú gààrí tí ẹ ń dì fún mi nílé ìwé n'Ígbó-Ọrà, bí ẹni pé wọn kì í ta iyọ̀ níbẹ̀. Ẹ ò fẹ́ kí n máa wá nǹkan kan kiri.

Odindi oṣù kan ni mi ò fi lè fọwọ́ kan án. Àwọn ará òkè òkun tó ń pín in wá kọ̀wé pé bí n kò bá tún un ṣe, àwọn á yọ ọ́ dànù. Lánàá, mo jókòó, mo ń yọ orúkọ yín nínú ètò kan tẹ̀ lé òmíràn, gbogbo mọ́kọ̀ọ̀kàndínlógún. Ó ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa láìsí yín níbẹ̀, Bàbá, ìyẹn ló dùn mí jù.

Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá. Mo la ẹnu, mo pe Làmídì, lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ má bínú. Mo kàn fẹ́ kí ẹ dá mi lóhùn ni.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó pẹ́ kó tó dé.