Fọ́tò Obìnrin Tó Ń Wọ́ Erùpẹ̀ Gòkè

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta

Bàbá Kékeré pè mí láti Osaka. Àyè ti ṣí nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó wà ládùúgbò rẹ̀. Ó fẹ́ mú Màmá Àgbà kúrò lábúlé kí oṣù yìí tó parí. Ẹnu tèmi ló kù, torí Màmá ló tọ́ mi dàgbà, wọn kì í ṣe ohunkóhun lẹ́yìn mi. "Fumiya, Màmá ò lè gun oko orí òkè yẹn mọ́. Ẹnu ara wọn ni wọ́n fi sọ fún mi." Kò parọ́. Wọ́n sọ ọ́ fún èmi náà lọ́dún tuntun: ẹ̀bá iná làwọn ń jókòó, kí làwọn fẹ́ máa wá lókè. Mo ní n ó fèsì lọ́jọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àfàìmọ̀ kí n má gbà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejì

Iṣẹ́. Ìyẹ̀fun udon, núdùlù tí à ń sè tà, dé inú etí mi. Mo tẹ fọ́tò ọkọ̀ ojú omi fún ìpàdé ẹgbẹ́ ayafọ́tò wa lọ́la. Ó dára. Mo mọ̀ pé ó dára.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹta

N ó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí bó ṣe tò.

Òkè ilé kọfí, bí ìṣe wa. A da fọ́tò sórí tábìlì láìsí orúkọ. Ẹni tó ya á kò gbọdọ̀ lanu títí gbogbo wa yóò fi sọ tán. Tíṣà Onodera ń darí — wọ́n ti fẹ̀yìn tì, síbẹ̀ pẹ́ńsù wọn ṣì ń na tábìlì bíi pé ọmọ iléèwé ni wá.

Wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi mi dà bíi káàdì tí wọ́n ń tà ní èbúté. Mo ní èbúté ni mo ti yà á, kí ni wọ́n fẹ́ kó dà bí? Tíṣà na tábìlì.

Ọmọrí jókòó síwájú mi. Dókítà Tokuhiro, dókítà eyín. Irú kámẹ́rà tí gbogbo wa ń lò ló sọ ọ́ lórúkọ. A kì í wo inú lẹ́ńsì rẹ̀. Fèrèsé kékeré kan ló ní lókè. Nínú fèrèsé yẹn ohun tí ò ń wò á pín sí méjì, wàá sì máa fi ìka yí lẹ́ńsì títí méjèèjì yóò fi wọnú ara wọn. Kì í fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni. Bó o bá fẹ́ ojú ènìyàn, fẹsẹ̀ rìn lọ bá a. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n bó o bá gbàgbé ọmọrí sójú lẹ́ńsì, fèrèsé kò ní sọ fún ọ. Lọ́dún tó kọjá Dókítà ya ijó ọdún ní Tokushima láti òwúrọ̀ dìrọ̀lẹ́. Òkùnkùn ló kó bọ̀. Nishiwaki oníbáńkì ní, "Dókítà, eyín tó ti jẹrà lẹ yà." Láti ọjọ́ náà ló ti di Ọmọrí.

Lẹ́yìn náà ni fọ́tò kan dé àárín tábìlì.

Dúdú àti funfun. Òkè tó dúró bí àkàbà. Obìnrin arúgbó kan, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ó kọjú sísàlẹ̀, ó fi ọkọ́ eléyín wọ́ erùpẹ̀ bọ̀ wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Níwájú rẹ̀, nísàlẹ̀, kò sí nǹkan kan. Kùrukùru. Okùn so ìbàdí rẹ̀ mọ́ igi eléso kan lókè, igi kaki, okùn náà le tantan. Mo lè rí hóró erùpẹ̀ lẹ́nu ọkọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nishiwaki ní, "Ọ̀dùnkún ni ìyá yìí ń wà. Okùn ló bà á jẹ́. Bó bá jẹ́ tèmi, n ó gé e kúrò."

Tíṣà wò ó pẹ́. "Gé okùn, kí ló kù? Ìyá arúgbó lóko. A ti rí ìyẹn rí."

Kì í ṣe ọ̀dùnkún. Òjò a máa fọ ilẹ̀ wa wá sísàlẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Kí á tó gbin nǹkan, a ní láti wọ́ ọ padà sókè. Ẹni tí kò bá wọ́ ọ, orí àpáta lọmọ rẹ̀ yóò dúró. Láti kékeré ni mo ti ń ṣe é, mo kórìíra rẹ̀ dọ́kàn. Mo mọ igi kaki yẹn. Mo mọ ẹ̀yìn yẹn, orí rẹ̀ ni mo sùn dàgbà.

Ó ṣe mí bíi ẹni tó wọ tẹ́ńpìlì tòun ti bàtà. Kò sí ìgbà tí mo dúró nísàlẹ̀ wọn rí kí n gbójú sókè wò wọ́n. Àṣé bí wọ́n ṣe tóbi tó nìyẹn.

Ọmọrí na ọwọ́: òun ló yà á.

Mo ní, "Dókítà, ìyá bàbá mi nìyẹn."

Nishiwaki gbé ife kọfí rẹ̀, ó sì tún gbé e kalẹ̀ láìmu.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin

Ọmọrí wá jẹ udon níbi iṣẹ́ wa, ó sì ń rojọ́ bí ọmọ kékeré. Lóṣù tó kọjá tó gba abúlé wa kọjá, ó ti ya Màmá títí kí wọ́n tó yíjú sí i, wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹ ò ṣí ojú nǹkan yín o." Ó ní kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. Ó ṣí i. Màmá padà sẹ́nu iṣẹ́, ó rí ẹyọ kan yà kí kùrukùru tó bo gbogbo rẹ̀. Ó bi wọ́n bóyá ẹ̀rù kì í bà wọ́n. Wọ́n bi í níṣẹ́ tó ń ṣe. Ó ní dókítà eyín ni òun. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ki ọwọ́ bọ ẹnu ẹlẹ́nu?"

Mo rẹ́rìn-ín títí ọ̀gá mi fi lé mi padà sídìí ìkòkò.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Mo fi fọ́tò Màmá ránṣẹ́ sí Bàbá Kékeré, mo sì pè é. Mo ní n kò gbà. Ẹni tó ń ṣe èyí kì í ṣe ẹni tí à ń gbé lọ jókòó sílé arúgbó.

Ó ní, "Ìwọ ò rí okùn ni?"

Mo ní mo rí i.

"Nítorí okùn yẹn ni mo ṣe fẹ́ mú wọn wá. Ìyá mi ni, Fumiya. Kì í ṣe fọ́tò."

Mo pa fóònù. Fọ́tò kan náà. Ó ń dùn mí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Mo gbàyè níbi iṣẹ́. Ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ ọ̀la.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Orí òkè ni mo bá Màmá. Wọn ò kí mi. "Ta ló kú?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Mo ní, ẹ ní ẹ̀bá iná lẹ̀ ń jókòó.

"Bí mo bá sọ pé oko ni mo wà, ṣé ẹ máa jẹ́ kí n ríṣẹ́ ṣe ni?"

Mo sọ fún wọn pé mo ti bá Bàbá Kékeré jà, pé kò sẹ́ni tó máa gbé wọn kúrò níbí. Mo rò pé inú wọn yóò dùn. Wọ́n fi ọkọ́ ti ara, wọ́n ń wò mí.

"Ta ló rán ọ níṣẹ́? Mò ń lọ. Mo ti di ẹrù mi látìgbà tí yìnyín ti yọ́. Orúnkún mi ò gbà mọ́. Ìwọ ni mò ń retí kó o wá sọ pé ó tó, kí n má baà dà bí ẹni tó sá fi ọ́ sílẹ̀."

N kò lè gbé ojú sókè. Mo ní, bí ẹ bá ń lọ, iṣẹ́ kí ni eléyìí? Gbogbo ilé tó wà nísàlẹ̀ ló ti tì. Ta ni yóò gbin nǹkan síbí?

"Ta ni mo ní kó gbin nǹkan? Ibi tí mo ti bá ilẹ̀ ni mò ń dá a padà sí."

Wọ́n kọjú sísàlẹ̀, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Mo pe Bàbá Kékeré láti orí oko. Mo ní kó máa bọ̀ wá mú wọn, àmọ́ kó wá kí iṣẹ́ tó tán. Ó wá bi mí bóyá ọkọ́ òun ṣì wà lẹ́yìn ilé. Mo lọ wò ó. Ó wà níbẹ̀, eyín kan ti kán lára rẹ̀.

Kámẹ́rà wà nínú àpò. N kò yọ ọ́.

Ibi tó ga jù ló kù, èmi àti Màmá jọ ń wọ́ erùpẹ̀ síbẹ̀. Màmá ní ìlà erùpẹ̀ tí mo fà kò tọ́. Mo tún un fà.