Èmi Ni Mo Rán Ìlẹ̀kẹ̀ Ìdí Mọ́ Adé Ọjọ́ Yẹn

Èmi ni. Èmi ni mo rán ìlẹ̀kẹ̀ ìdí mọ́ adé tí wọ́n fi ṣeré ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé wa lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe àbúrò ọkọ mi, kì í sì í ṣe obìnrin kankan tó ń yàn lálè. Ọdún karùn-ún rèé tí mo ti ń gbé e kiri nínú, mi ò sọ fún ìyá tó bí mi, mi ò sọ fún pásítọ̀, ẹ̀yin oníwèé ìròyìn tí ẹ ò mọ̀ mí ni mo kọ́kọ́ ń sọ ọ́ fún. Ẹ má bínú tí ìwé mi bá gùn. Ọmọ ń ké lẹ́yìn mi, ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ìlú wa sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Lọ́jọ́ ìkórè yẹn, ẹnìkan tí kò ṣẹ̀ máa dúró níwájú ìjọ, á sì fi ẹnu ara rẹ̀ gbé ẹ̀ṣẹ̀ mi rù.

Mi ò ní dárúkọ ìlú náà, ẹ ṣáà mọ̀ pé apá Ìjerò níbí ni. Lọ́dún kejì tí a gba òmìnira, tíṣà kan wà ní ilé-ìwé ìjọ wa, òun náà ló ń tẹ hamóníọ́mù ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló ń kọ́ kúáyà. Tíṣà ni gbogbo ìlú ń pè é, Tíṣà náà ni mo ń pè é títí dòní tó ti di ọkọ mi. Ó jókòó, ó kọ eré kan tó jẹ́ pé orin ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó pè é ní Ọba Tó Gbàgbé Ọlọ́run. Ọba kan ló ń gbéra ga, tó ní kò sí ẹlòmíràn lẹ́yìn òun, tí Ọlọ́run wá sọ di alágbe kó tó ronú pìwà dà. Oṣù mẹ́jọ la fi kọ́ orin yẹn. Tí a bá ti oko kòkó dé, a ò tíì ṣan ẹsẹ̀, a ti wà ní rìhásà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ orin, orin náà dára... mo fi ọmọ mi búra, ó dára. Orin tí alágbe yẹn máa kọ níparí, lọ́jọ́ tí Tíṣà kọ́kọ́ kọ ọ́ fún wa, àwọn ọkùnrin tó ń kọ báàsì ń nu ojú. Kò sí ará ìlú kankan tó gbọ́ orin yẹn lọ́jọ́ eré, torí eré náà ò dé ẹsẹ kejì orin àkọ́kọ́.

Àbúrò Tíṣà, ọmọ ìyá kan náà, ló ṣe ọba. Olóhùn-iyọ̀ ni mo ń pè é báyìí gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé, ẹ jẹ́ kí n máa pè é bẹ́ẹ̀ fún yín. Èmi ò mọ orin kọ tó bẹ́ẹ̀, aránṣọ ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fírídọ̀mù nígbà náà ni. Ọ̀gá mi ló rán aṣọ ayaba. Èmi, adé ni wọ́n gbé fún mi. Tíṣà fúnra rẹ̀ pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní páálí ni kí n gé, kí n lẹ bébà tó ń dán bíi góòlù mọ́ ọn, kó rí bí èyí tí Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé lára owó. Ó ní mi ò gbọdọ̀ fi ìlẹ̀kẹ̀ kankan sí i, àgàgà èyí tó máa dà bo ojú, torí Kábíyèsí ń bọ̀. Ẹ mọ̀ bó ṣe rí nílẹ̀ wa. Adé tó bá ti ní ìlẹ̀kẹ̀ lójú, orí ẹnìkan ṣoṣo ló ń gbé nílùú, ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ dé e ṣeré, ká má wá sọ pé níwájú ẹni tó ni ín. Mo gbọ́. Mo ní ẹ ṣé sà. Mo gbọ́ dáadáa, mi ò ní purọ́ fún yín pé mi ò gbọ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lẹ bébà náà tán, adé yẹn dà bí ohun tí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi fi páálí sìgá ṣe. Gbogbo èèyàn ń yin aṣọ ayaba, wọ́n ń fọwọ́ kàn án, tí wọ́n bá dé ibi adé wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí. Mo ń rò ó pé gbogbo ìlú ló máa wà níbẹ̀, tí iṣẹ́ mi bá wù wọ́n, wọ́n á máa kó aṣọ wá fún mi, tí kò bá sì wù wọ́n, tèmi ti bùṣe. Mi ò ní ìlẹ̀kẹ̀ mìíràn. Èyí tí ìyá ìyá mi fún mi, pupa àti funfun, ìdí mi ló wà. Mo bọ́ ọ lọ́sàn-án ọjọ́ eré gan-an, mo tú u, mo tún un sín ní òwú kéékèèké, mo rán an mọ́ iwájú adé... Ọlọ́run ló mọ̀, ó dára débi pé omi bọ́ lójú mi. Kí ló dé tó fi jẹ́ ìyẹn nìkan ni mo rò? Kí ló dé tí mi ò rántí ẹni tó ń bọ̀ wá jókòó níwájú?

Mo fi aṣọ bò ó, mo gbé e lọ. Nígbà tí Olóhùn-iyọ̀ ṣí i, ó wò mí, ó bi mí bóyá ẹ̀gbọ́n òun mọ̀ sí i. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní Tíṣà ti rí i, ó ní kò séwu. Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, tẹ̀ríntẹ̀rín. Hamóníọ́mù ti ń dún, kò sáyè àtilọ bèèrè mọ́, ó sì dé e.

Kábíyèsí jókòó síwájú pátápátá, àwọn ìjòyè lọ́tùn-ún lósì. Kúáyà kọrin wọlé. Olóhùn-iyọ̀ yọ látẹ̀yìn aṣọ tí a ta, ìlẹ̀kẹ̀ ń mì lójú rẹ̀, ó rìn lọ sí ọ̀kánkán Kábíyèsí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó bú sórin. Ẹ gbọ́ orin tó wà lẹ́nu rẹ̀ o: òun lọba, ta ló tún ń jẹ́ ọba lẹ́yìn òun, kẹ́ni náà dìde kí òun rí i. Bí Tíṣà ṣe kọ ọ́ nìyẹn kí ìgbéraga ọba náà lè hàn. Kúáyà sì gbè é pé kò sí, kò sí, ìwọ nìkan ni. Ìjòyè àgbà kan ló kọ́kọ́ dìde, ó fi agbádá rẹ̀ bo ojú Kábíyèsí kó má bàa rí adé náà lórí ẹlòmíràn. Àwọn ẹmẹsẹ̀ ààfin gun orí ìtàgé. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n rò pé ara eré ni, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Tíṣà kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń tẹ hamóníọ́mù lọ ní tirẹ̀, ó sì ti kìlọ̀ fún kúáyà láti ọjọ́ tó ti pẹ́ pé ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ dá orin dúró. Wọn ò dá a dúró... wọ́n ń já adé kúrò lórí ọ̀gbẹ́ni, wọ́n ń wọ́ ọ nílẹ̀, kúáyà ń sọ pé ìwọ nìkan ni, ìwọ nìkan ni. Ìyá arúgbó kan nítòsí ló wá wo adé náà nílẹ̀, tó ní ẹ wò ó dáadáa, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí obìnrin mà lèyí. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti dàrú.

Ìjọ lọ dọ̀bálẹ̀ láàfin. Wọ́n gba hamóníọ́mù lọ́wọ́ Tíṣà, wọ́n sì gbé òun fúnra rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé kan lọ́nà Erio tí kò ju kíláàsì méjì lọ. Kó tó lọ, ó pe èmi àti àbúrò rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ní bí mo ṣe gbé e wá ni òun ṣe dé e. Tíṣà wá yíjú sí mi... Mo ní páálí lásán ni mo gbé fún un, mi ò mọ ẹni tó fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i. Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo ti sọ ọ́. Tíṣà gbà mí gbọ́, torí àbúrò rẹ̀ ti ń ráhùn látìbẹ̀rẹ̀ pé adé páálí ò yẹ òun. Ó bi í pé obìnrin wo ló bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ìdí fún un, ọ̀rọ̀ yẹn sì jáde sí ìgboro. Ìdílé ọmọbìnrin Ìpotì tí àbúrò náà fẹ́ fẹ́ dá ẹrù ìdána padà. Látọjọ́ náà, ọmọ ìyá méjèèjì ò kí ara wọn. Tó bá di Kérésì, ìyá wọn á bu oúnjẹ sí abọ́ méjì, ẹnìkan á jẹ tirẹ̀ tán, á jáde, kí ìkejì tó wọlé.

Èmi sì lọ fẹ́ Tíṣà. Ẹ bú mi, mo gbà. Mo máa ń gbé oúnjẹ lọ bá a lọ́nà Erio torí pé ara mi ò gbà á, nígbà tó yá, mi ò mọ èyí tó jẹ́ àánú mọ́ yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ìfẹ́. Ọmọ méjì la ti bí. Èèyàn dáadáa ni, kì í mutí, kì í gbé ọwọ́ sókè sí mi. Ṣùgbọ́n kò kọrin mọ́. Kódà tí mo bá ń kọrin rẹ ọmọ lẹ́kún, ńṣe ló máa ń jáde síta.

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé eré yẹn ò kú. Ẹ dé Àrámọkọ, ẹ dé Ẹ̀fọ̀n, ẹ máa gbọ́ ọ. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ ń búra pé àwọn wà níbẹ̀. Ká ní gbogbo wọn wà níbẹ̀ lóòótọ́, gbọ̀ngàn yẹn ì bá ti wó. Àwọn tí kò lè purọ́ ń kábàámọ̀ pé oko ni àwọn lọ lọ́jọ́ náà, wọ́n ní kò sóhun tí àwọn ò ní san láti rí i. A wọ bọ̀lẹ̀kájà kan lórí òkè Ẹ̀fọ̀n lọ́jọ́ kan, awakọ̀ ń kọ ìwọ nìkan ni fún èrò, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, ọkọ mi jókòó sáàárín wọn, ó ń wo igbó. Kábíyèsí ọjọ́sí ti wàjà. Ẹni tó wà lórí ìtẹ́ báyìí jẹ́ ọ̀dọ́, ó kàwé, Ìbàdàn ló wà nígbà yẹn, ó ní ó ń dun òun títí dòní pé òun ò sí ńlé. Ó ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì pé kí wọ́n ṣe eré náà fún òun lọ́jọ́ ìkórè ọdún yìí, títí dé òpin, pẹ̀lú adé páálí. Wọ́n wá bẹ ọkọ mi. Ó ní òun á wá, ṣùgbọ́n kí àbúrò òun kọ́kọ́ dúró níwájú ìjọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kó jẹ́wọ́ pé òun lòun ba eré náà jẹ́, kó sì sọ obìnrin tó ni ìlẹ̀kẹ̀.

Mo rò pé Olóhùn-iyọ̀ ò ní gbà. Ó gbà. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Tọ́sìdé tó kọjá, ó jókòó lórí àpótí, ó ní kí n má bẹ̀rù. Ó ní ilé ti dá páropáro jù fún ìyá àwọn, ó sì wu òun láti gbọ́ orin alágbe yẹn kí ẹ̀gbọ́n òun tó gbàgbé rẹ̀. Ó ní tí wọ́n bá bi òun ní obìnrin tó ni ìlẹ̀kẹ̀, òun á dárúkọ ẹnìkan tó ti kú. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin níwájú rẹ̀... Kò bú mi. Ì bá bú mi, ì bá sàn. Ó ti níyàwó báyìí, ìyàwó náà lóyún oṣù mẹ́fà, ìjókòó kẹta sí pẹpẹ ló máa ń jókòó sí. Ẹ rò ó wò, kó máa gbọ́ ọ lẹ́nu ọkọ rẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ. Ọ̀kan ti kọ ọkùnrin yìí sílẹ̀ nítorí mi. Ṣé kí èkejì náà lọ ni?

Ẹ ó ní kí n jẹ́wọ́, kí ló le níbẹ̀. Ẹ gbọ́ o. Tí mo bá sọ fún ọkọ mi pé ìlẹ̀kẹ̀ ìdí mi ló wà lórí àbúrò rẹ̀, kí ni nǹkan àkọ́kọ́ tó máa wá sí i lọ́kàn? Ta ló máa gbà pé ọmọbìnrin kan dá jókòó sí yàrá, ó bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀ torí kí adé lè dára? Á ní èmi àti àbúrò òun la mọ ohun tó wà láàárín wa. Á wá wo àwọn ọmọ... Àkọ́bí mi jọ Olóhùn-iyọ̀, torí ọmọ ìyá kan náà ni òun àti ọkọ mi, ojú kan náà ni gbogbo wọn gbé wáyé. Ṣé ẹ rí i? Tí mo bá dákẹ́, ilé ẹnìkan á dàrú. Tí mo bá sọ̀rọ̀, ó lè jẹ́ ilé méjèèjì. Mi ò lè jẹun, mo ti fi áyọ́ọ̀nù jó aṣọ oníbàárà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí.

Mo fẹ́ sọ pé kí ẹ dá mi lóhùn nínú ìwé ìròyìn yín, mo ti fi orúkọ pamọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ibi tí mo kọ ọ́ dé nìyẹn lánàá kí n tó dìde lọ fún ọmọ lọ́mú, ìgbà náà lojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Sátidé ni ìwé ìròyìn yín máa ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ọkọ mi ló ń rà á. Á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa ka ojú ìwé tí ẹ ti ń gbani nímọ̀ràn yìí sókè fún mi bí mo ṣe ń ránṣọ, torí ó mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ̀, a ó sì jọ máa jiyàn nípa ohun tó yẹ kí wọ́n sọ fún onítọ̀hún. Tí ẹ bá tẹ ìwé yìí jáde, ohùn rẹ̀ ni màá fi gbọ́ ọ. Mo ti ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹrin láti àná, mi ò ya á, mo sì ti ra sítáǹbù. Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi mọ́ bóyá kí n jẹ́wọ́ tàbí kí n má jẹ́wọ́. Mo mọ̀ pé kí èsì yín tó jáde, á ti kà á, ṣùgbọ́n ẹ ṣáà bá mi dá sí i. Nígbà tó bá ṣí ìwé náà ní Sátidé, ṣé kí n jókòó tì í títí á fi kà á tán, àbí kí n ti kó àwọn ọmọ lọ sílé ìyá mi kó tó bẹ̀rẹ̀?