Ṣòkòtò Rọ́bà Bàbá Outi

Bàbá Outi,

Ṣé ara ti ń mókun? Ayọ̀ ló kún etí adágún níbí. Ewé ti pọ́n. Outi àti ọkọ rẹ̀ ti dé láti ọjọ́ Jímọ̀, Veikko ọ̀rẹ́ yín náà sì wa ọkọ̀ wá láti òdìkejì omi.

Lánàá, mo ní ká fa afárá pákó tí a ń so ọkọ̀ mọ́ kúrò lómi kí yìnyín tó dé, bí ẹ ti máa ń ṣe. Outi ní, “Mọ́mì, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá ra ilé ló máa fà á.”

Mo ní, “Ilé wo? A ò ta ilé kankan!”

Ni mo bá wọ ṣòkòtò rọ́bà tí ẹ fi ń wọnú omi. Ó gùn dé àgbọ̀n mi. Veikko ní, “Ìyàwó wa, ṣé ẹ wọ ṣòkòtò ni, àbí ṣòkòtò ló wọ̀ yín?”

Mo lọ dúró níbi tí omi ti jìn tí ẹ máa ń dúró sí. Àṣé ihò wà lórúnkún rẹ̀! Gbogbo ọdún tí ẹ fi ń wọ̀ ọ́, ẹ ò sọ. Èmi náà ò sọ. Mò ń gbọ̀n, mò ń rẹ́rìn-ín, títí ojú fi ti ọkọ Outi tóun náà kó sómi. Afárá ti wà lórí ilẹ̀.

Outi wá fẹ́ gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà kó lè bá mi mu lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ní kó má dán an wò, ẹni tó ni ín ń bọ̀.

Veikko kí yín. Nọ́ọ̀sì tó ń ka lẹ́tà yìí sí Bàbá Outi létí, mo kí ẹ̀yin náà. Bí wọn ò bá tiẹ̀ ṣíjú, ẹ tún ibi tí mo ti ní a ò ta ilé kà. Ẹ kà á sókè.

Èmi Lempi yín ni.