Ọmọ Màlúù Tó Gbé Káàdì Báńkì Mì

Oríyọmí ọmọ mi,

Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ ní Omifunfun níbí, orúkọ rẹ ni mo fi ń ṣí ẹnu. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Àlàáfíà ni gbogbo wa wà, kòkó sì so dáadáa lọ́dún yìí.

O rántí abo màlúù tí Sàlíhù ará Ore gbé fún mi sìn, tó ní àkọ́bí rẹ̀ á jẹ́ tèmi. Ó ti bí i, ọmọ náà ti ń jẹ koríko, mo sì sọ ọ́ ní Tèmitọ́pẹ́. Àfi bí ikùn ọmọ náà ṣe wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì bí agbè, kò jẹ koríko, kò jẹ àpọ̀jẹ. Kàsímù alápatà ti ń pọ́n ọ̀bẹ bọ̀, ó ní ká pa á kó tó kú. Mo ní kó lọ pa ewúrẹ́ ìyá ẹ̀.

Mo ránṣẹ́ pe Adéoyè, dókítà ẹran tí ìjọba gbé wá sí Odigbo. Ó tẹ ikùn náà, ó ní ó ti gbé nǹkan mì, àfi kóun là á. Mo ní koríko nìkan ló ń jẹ, ilé mi mọ́. Ó fá irun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gún un lábẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kára mọ ìrora, ó là á, ẹran náà sì dúró ń wò mí bí ẹni tí wọ́n ń dirun fún! Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ó fa ọ̀rá omi jáde, ó fa okùn, ó wá fa ọ̀rá iyọ̀ mi, káàdì báńkì tí o fún mi sì wà nínú rẹ̀.

Má bínú o. Ìwọ lo ní kí n fi pamọ́ síbi tọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ò ní tó. Olè kì í jí iyọ̀, mi ò mọ̀ pé màlúù ń jí i. Síbẹ̀, ọwọ́ ta ló tó káàdì náà níbi tó wà? Ti dókítà nìkan.

Ó rán àpò inú kó tó rán awọ. Mo ní ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ jìnnà síra, ó ní Màmá, ẹ wá bá mi rán an. Ká ní ojú mi ṣì ríran bíi tàtijọ́ ni, ǹ bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo fọ káàdì, mo sá a pẹ̀lú kòkó. Àzíìzàt oní-POS ní kò ṣiṣẹ́ mọ́, pé owó ṣì wà ní báńkì. Ọmọdé ni, kò mọ̀ pé Tèmitọ́pẹ́ ti jẹ ẹ́. Abájọ tó fi ń sanra látìgbà tí wọ́n ti là á! Kò dùn mí, owó ò tíì jáde nílé.

Fi owó oògùn rẹ̀ ránṣẹ́, àti ti ike onídèérí tí n ó máa rọ iyọ̀ sí. Hámzàt awakọ̀ ni kó o fún, má fi sínú káàdì.

Ohun tí o bá gbé mì yóò máa di okun sí ọ lára, wọn ò ní fi ọ̀bẹ wá a jáde.

Èmi ìyá rẹ, Agnes onímàlúù.