Ìlẹ̀kẹ̀ Kẹtàdínláàádọ́rùn-ún

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta

Ó tún dé lónìí. Àǹtí Yìnyín. Orúkọ tí mo fún un nínú ìwé yìí nìyẹn, torí ike yìnyín kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì mi ló dúró sí, kò tilẹ̀ jókòó. "Àbúrò mi, kò túká o. Ìgbà kẹta nìyí."

Kò túká! Ìgbà kẹta!

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí orí mi lè tutù. Purotéènì tí à ń ṣiṣẹ́ lé lórí dà bí okùn ìlẹ̀kẹ̀ gígùn tó ká jọ sínú ara rẹ̀. Àwọn ásíìdì amínò ni ìlẹ̀kẹ̀ ọ̀hún. Méjì lè jìnnà síra lórí okùn, kí wọ́n sì wá fara kanra nígbà tí okùn bá ká jọ tán. Iṣẹ́ tèmi ni kí n wọn àlàfo àárín wọn lórí kọ̀ǹpútà, kí n mọ èyí tó ń kan èyí, kí n sì mọ ibi tí gbogbo rẹ̀ ti di ara wọn mú. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi wọ̀n ọ́n. Ìlẹ̀kẹ̀ 87 ló di 142 mú. Fi irú mìíràn rọ́pò 87, kí o fi ooru díẹ̀ sí i, gbogbo rẹ̀ á túká. Àǹtí Yìnyín ló yẹ kó fi ọwọ́ ṣe é ní yàrá àyẹ̀wò. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní digbí ló dúró.

Ọwọ́ rẹ̀ ni. Kí ni ì bá tún jẹ́?

Ọjọ́rú, 5 oṣù Kẹta

Ìpàdé. Ọ̀gá bi Àǹtí Yìnyín léèrè níwájú gbogbo wa bóyá ó dá a lójú pé kò ṣi ìgò kan gbé dípò èkejì. Ó ní ó dá òun lójú. Ọ̀gá ní, "Ṣé kọ̀ǹpútà ló wá ń purọ́ ni?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àǹtí Yìnyín wojú mi.

Kó máa wò mí lọ. Ọdún mẹ́rin ni mo ti lò níbí, kò sí ìwé kan tó jáde tí orúkọ mi wà lórí rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 oṣù Kẹta

Ọ̀gá ní kí n kọ ìjábọ̀, pé èmi ni ọ̀rọ̀ náà yé jù. Ojú ewé kan ààbọ̀. Mo wá ọ̀rọ̀ tí kò ní le jù. "Àìfarabalẹ̀." Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo bu ọwọ́ lù ú.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù Kẹta

Wọn ò tún àdéhùn iṣẹ́ Àǹtí Yìnyín ṣe. Ọdún mọ́kànlá. Ó kó bàtà tó fi ń wọ yàrá tútù sínú báàgì, ó nu tábìlì tí ẹlòmíì máa wá lò mọ́ tónítóní. Kò bá mi jà. Ì bá sàn kó bá mi jà. "Ó dàbọ̀ o, onímọ̀." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Onímọ̀. Bí abẹ́rẹ́ ló ṣe wọ̀ mí létí.

Ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù Kẹta

Ìyá mi pè. Wọ́n ní ohùn mi dà bíi ti ẹni tó jẹ̀bi tí kò fẹ́ gbà. Mo ní ọ̀fìnkìn ni.

Ọjọ́ Ajé, 24 oṣù Kẹta

Wọ́n ti mú ẹlòmíì wá. Ọkùnrin. Ìbọ̀wọ́ kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ ilẹ̀kùn ló fẹ́ ṣí — Oníbọ̀wọ́ ni mo ń pè é. Ọ̀gá ń yọ̀, ó ní a ti rí ẹni tó ń fara balẹ̀. Mo fún un ní ìwé kan náà tí mo fún Àǹtí Yìnyín: pààrọ̀ 87. Ó ní òun máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá, òun ò ní lo ohunkóhun tí obìnrin yẹn ti fọwọ́ kàn.

Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù Kẹrin

Kò túká.

Mo gbé ìlà àbájáde àyẹ̀wò tí Oníbọ̀wọ́ yà lé èyí tí Àǹtí Yìnyín yà. Wọ́n bo ara wọn mọ́lẹ̀. Àfi bíi pé ọwọ́ kan náà ló yà wọ́n. Oníbọ̀wọ́ rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí gan-an ni wọ́n ní obìnrin yẹn ṣe?"

Mo ní kó jẹ́ kí n wò ó ná.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 oṣù Kẹrin

Mo ti rí i. Ọ̀sán gangan, tíì mi ò tíì tutù.

Nínú àwòrán tí mo fi ń wọn àlàfo, wọn ò ka ìlẹ̀kẹ̀ 22 àkọ́kọ́, torí ara fúnra rẹ̀ máa ń gé wọn dànù. Ìwé tí wọ́n ń lò ní yàrá àyẹ̀wò ń kà wọ́n. 87 tèmi, 109 tiwọn ni. Èmi ló yẹ kí n fi 22 kún un kí n tó fún wọn. N ò fi kún un. Ìlẹ̀kẹ̀ tí Àǹtí ń pààrọ̀ láti ọjọ́ yìí, ẹ̀gbẹ́ ìta ló wà, kò fara kan nǹkan kan, kò di nǹkan kan mú. Kò lè túká láé!

Irú ìlẹ̀kẹ̀ kan náà ló sì wà ní ipò méjèèjì. Léúsìnì níbí, léúsìnì lọ́hùn-ún. Ká ní wọ́n yàtọ̀ síra ni, à bá ti rí i lọ́jọ́ kìíní.

Ìṣirò ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. 87 ròpọ̀ mọ́ 22.

Mo ṣí ìwé yìí sẹ́yìn. Ó, ó, ó — bí mo ṣe ń pe ẹni tó fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ nìyẹn. Nínú ìwé ara mi, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè bá mi wí.

Wọ́n. Àǹtí Yìnyín, wọ́n.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 oṣù Kẹrin

Mo tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. 109 náà ni.

Ọjọ́ Ajé, 14 oṣù Kẹrin

Mo sọ fún Ọ̀gá. Mo rò pé ojú ẹ̀ máa le koko. Ńṣe ló gbá tábìlì. "Ṣé o wá rí i pé òótọ́ lo ń sọ látọjọ́ yìí!" Ó ní Oníbọ̀wọ́ á pààrọ̀ 109, á túká, iṣẹ́ á jáde, orúkọ mi ló máa ṣáájú.

Mo ní, Àǹtí ńkọ́?

"Àǹtí wo? Ṣebí wọ́n ti lọ. Má lọ fi ẹnu ara ẹ kó bá ara ẹ." Ó wá bi mí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń béèrè aago mélòó ló lù: ọwọ́ ta ló wà nísàlẹ̀ ìjábọ̀ yẹn?

Ọwọ́ mi ni.

Kí n sọ òótọ́ níbí: inú mi dùn. Fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, nígbà tó ní orúkọ mi ló máa ṣáájú. Mo rí i lójú ara mi, lẹ́tà gàdàgbà. Ìṣẹ́jú kan gbáko.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 oṣù Kẹrin

Mo lọ bá wọn. Ilé bàbá wọn ni wọ́n wà báyìí, àjà kejì. Aránṣọ ni bàbá náà, wọ́n ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ ẹ̀rọ wọn ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo ti múra bí màá ṣe sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: 22, 87, 109, ìjábọ̀, ọ̀rọ̀ yẹn.

Àǹtí wo ọwọ́ ara wọn.

"Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá fẹ́ wọn oògùn bàbá mi sínú ṣíbí, mo máa ń pe ará ilé kejì pé kó wá bá mi wò ó. Èmi o. Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlá wọn ohun tí ojú lásán ò lè rí."



Wọ́n ní kí n wọlé, kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún bàbá. "Òun náà ti gbà pé ọwọ́ mi ló ṣe é." Bàbá ò gbọ́ràn dáadáa. Mo ní láti pariwo: ÈMI NI MO ṢÌ Í KÀ, SÀ! Ó dá mi lójú pé ará ilé kejì gbọ́.

"O ti sọ fún àwọn tó lé e?"

"Mo sọ fún ọ̀gá wa, sà."

"Kí ló wí?"

"Ó ní kí n má fi ẹnu ara mi kó bá ara mi, sà." Bàbá náà mi orí. "Ilé wa lo wá sọ ọ́ sí. Ṣé ibí ni wọ́n ti bà á lórúkọ jẹ́ ni?"

Àǹtí ò sìn mí dé ìsàlẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 21 oṣù Kẹrin

Mo kọ lẹ́tà sí gbogbo ẹ̀ka wa pátá, àti ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ènìyàn mọ́kànlélógójì. Mo fi ìlà méjèèjì sínú rẹ̀, tí Àǹtí àti ti Oníbọ̀wọ́. Mo fi orúkọ wọn gangan síbẹ̀, lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́. Mo kọ ọ́ pé iṣẹ́ wọn péye láti ọjọ́ kìíní, pé èmi ni mo ṣi nọ́ńbà kà, pé Ọ̀gá sì ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo gbé ìka lé bọ́tìnnì tí yóò fi í ránṣẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́.

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí Ọ̀gá fi dé ọ́fíìsì mi. Ọ̀gá ò pariwo. "Kó ẹrù ẹ." Oníbọ̀wọ́ bá mi gbé páálí dé ìsàlẹ̀. Àwọn yòókù ń wo ojú kọ̀ǹpútà wọn.

Ọjọ́rú, 23 oṣù Kẹrin

Kò sẹ́ni tó pè. Mo sùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 25 oṣù Kẹrin

Mo ń fọ aṣọ nígbà tí fóònù dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni, láti ọ̀dọ̀ Àǹtí. Kí n dà á kọ síbí bó ṣe rí:

"Ọ́fíìsì òṣìṣẹ́ pè mí lánàá, wọ́n ní kí n wá. Wọ́n fi lẹ́tà rẹ ránṣẹ́ sí mi, mo ti kà á. Bàbá mi ní kí n kí ọ. Èmi ò tíì lè kí ọ."