Orin Kò Wá Mọ́ Láti Ìgbà Tí Àkànkẹ́ Ti Lọ

Olóòtú wa, mo kí yín o, mo kí gbogbo ará tó ń gbọ́ wa. Ẹ má dárúkọ mi, ẹ ṣáà pè mí ní Bàbá Onípákó.

Ìwé kẹta ni mo kà mọ. Ṣùgbọ́n ní Port Harcourt níbí, èmi ni mo fọwọ́ ara mi dá ṣọ́ọ̀bù pákó sílẹ̀ ní ọjà Oil Mill, orin tí èmi bá sì dá ni ìjọ wa fi ń ṣe ìkórè lọ́dọọdún. Ta ló tó bẹ́ẹ̀?

N kò mọ orin kọ sílẹ̀. Bí mo bá ti lé e, ìyàwó mi Àkànkẹ́ á gbè é, á ní, “Olówó orí mi, ó ti gùn jù, ṣé ẹ fẹ́ kí Ọlọ́run sùn lọ ni?” A ó rẹ́rìn-ín, a ó gé e kúrú.

A sin Àkànkẹ́ lọ́dún tó kọjá. Láti ìgbà náà, mo la ẹnu títí, orin kan kò wá. Ìkórè sì ti dé tán. Ọmọbìnrin mi ní, “Papa, sing the old one na. God no go vex.” Mo lé ti àtijọ́, mo dúró de ègbè. Ọmọ náà kàn ń wò mí ni. Kò gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rù ń bà mí, olóòtú. Bí mo bá kúnlẹ̀ láti gbàdúrà báyìí, Àkànkẹ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run ni mo ń kọrin fún láti ọjọ́ yìí wá, àbí ìyàwó mi?